Ọrùn Màlúù Mọ́lúdì

Ní mọ́sáláṣí àdúgbò wa l'Ọ́wọ̀, Lèmọ́mù ló ni ọrùn ẹran, ẹnikẹ́ni ìbáà dúńbú rẹ̀. Ìbáà jẹ́ àgbò ìsọmọlórúkọ, ìbáà jẹ́ màlúù Iléyá, wọn á kọ́kọ́ gé ọrùn kúrò, wọn á dì í sínú ewé, wọn á gbé e lọ sílé Lèmọ́mù kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ìyókù. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo rò pé ibẹ̀ ló dùn jù ni. Bàbá mi ló jẹ́ kó yé mi pé ọrùn ni ọ̀bẹ ti ń ṣiṣẹ́, ibẹ̀ la sì fi ń mọ irú ikú tí ẹran kú. Ẹran tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá tú jáde dáadáa, ọrùn rẹ̀ á mọ́. Èyí tó ti kú kí ọ̀bẹ tó kàn án, ẹ̀jẹ̀ á dì sínú iṣan rẹ̀, á sì dúdú. Lèmọ́mù ń gba ọrùn kí ojú rẹ̀ lè rí i, kí ó lè fi ọkàn kan sọ fún ìjọ pé kí wọ́n jẹun.

Mo ń sọ èyí nítorí pé títí di òní, bí wọ́n bá gbé ẹran síwájú mi níbi ìnáwó, màá tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ rò pé dókítà ló ní kí n má jẹ ẹ́ mọ́, mo sì jẹ́ kí wọ́n máa rò bẹ́ẹ̀. Ta ni yóò jókòó tì mí nídìí oúnjẹ kí n máa ròyìn ohun tí mo rí fún un?

Aránṣọ ni bàbá mi. Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa láàárín ìlú, ẹni tó ń lọ sọ́jà kò sì lè kọjá kí ó má kí i. Ìyá mi kú nígbà tí mo wà ní ilé-ìwé àwọn olùkọ́, bàbá mi kò sì fẹ́ ẹlòmíràn. Ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo ló kù fún un láyé, ọ̀rẹ́ náà sì ni alápatà kan tí wọ́n jọ jẹ pàṣán ní ilé kéwú. Kì í ṣe alápatà lásán o. Òun ni Bàbá Àdínì mọ́sáláṣí wa, ọ̀rọ̀ ìjọ kì í kọjá lẹ́yìn rẹ̀. Aṣọ funfun ló máa ń wọ̀ lójoojúmọ́. Ìwọ á máa wá ẹ̀jẹ̀ lára alápatà yìí títí, o ò ní rí i. Àwọn onígbàgbọ́ pàápàá, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ti ń ra ẹran, bí wọ́n bá sì ń sìnkú àgbà, òun ni wọ́n ń pè wá dúńbú màlúù wọn, kí àwọn ẹbí wọn tó jẹ́ mùsùlùmí lè bá wọn jẹ níbẹ̀. Bí ó bá ké Bísímílàhi lẹ́yìnkùlé, ẹni tó wà lójúde á gbọ́.

Àkọ́bí ọkùnrin rẹ̀ ló fẹ́ fẹ́ mi. Iṣẹ́ ìjọba ló ń ṣe l'Àkúrẹ́, ọmọlúàbí ni, kì í pariwo, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Kí ẹ má rò pé mo ń wá ọ̀nà àtisá fún un tẹ́lẹ̀. Wọ́n ti dá ọjọ́ yìgì wa sí ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé Mọ́lúdì, bàbá mi sì ti rán aṣọ tí màá wọ̀, ó gbé e kọ́ sára ògiri níbi tí ojú rẹ̀ ti lè máa tó o bó bá ń ṣiṣẹ́. Tí yìgì yẹn bá so, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ á di àna ara wọn. Ó ti ń pe alápatà náà ní àna kí ọjọ́ náà tó pé, wọ́n á jọ rẹ́rìn-ín bí ọmọdé.

Ìmẹ̀rí ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà yẹn. Ayé sójà ni, epo bẹntiróò wọ́n, èèyàn lè dúró láàárọ̀ kó má rí ọkọ̀ títí oòrùn á fi wọ̀. Lọ́jọ́ tó ṣáájú Mọ́lúdì, a tètè palẹ̀ ilé-ìwé mọ́. Mo ti gbọ́ pé Bàbá Àdínì ń bọ̀ wá gbé màlúù tí ìjọ máa fi ṣọdún lọ́dọ̀ Fúlàní kan tó ń da ẹran lẹ́yìn ìlú, mo sì ti ránṣẹ́ sí i pé kí ó fi pikọ́ọ̀pù rẹ̀ gbé mi délé. Inú mi dùn nígbà tó dé. Ó ní kí n wọ iwájú ọkọ̀, ká jọ gba ibi ẹran kọjá.

Màlúù náà wà nílẹ̀. Ikùn rẹ̀ ti wú, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti le gbọnrangandan, eṣinṣin ń rìn lórí ẹyinjú rẹ̀, kò sì ṣẹ́jú. Ìfófòó kan ti gbẹ mọ́ ọn nímú. Fúlàní tó ni ín káwọ́ lérí, ó ń ṣàlàyé pé àná ni àìsàn náà mú un, pé ó ti dákẹ́ láti òwúrọ̀. Ó ní kí Bàbá má gbé e. Ó ní tí wọ́n bá lè dúró di ìrọ̀lẹ́, òun á lọ mú òmíràn wá láti ibi tí agbo yòókù ti ń jẹko. Bàbá Àdínì wo oòrùn, ó wo pikọ́ọ̀pù rẹ̀, ó sì yọ ọ̀bẹ lábẹ́ àga.

Ó ní kí wọ́n bá òun yí orí ẹran náà sí Kíbúlà. Wọ́n wọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń wọ́ gẹdú. Ó ká apá aṣọ funfun rẹ̀ sókè, ó gbóhùn sókè, ó ké Bísímílàhi, ó ké Àlááhù Akíbárù, ó sì fa ọ̀bẹ kọjá lọ́rùn rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ kò tú. Ẹni tó bá ti dúró níbi tí wọ́n ti ń dúńbú màlúù rí mọ̀ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń fọ́n jáde, tí èèyàn á sún sẹ́yìn kó má baà ta sí i láṣọ. Èyí kàn yọ díẹ̀díẹ̀, ó dúdú, ó ki, ó sì dúró. Òórùn kan jáde lójú ọgbẹ́ náà, Fúlàní náà bo imú, èmi náà bo imú.

Bàbá Àdínì nu ọ̀bẹ mọ́ ara màlúù, ó kọjú sí mi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ìyàwó wa, o gbọ́ Bísímílàhi mi?"

Mo ní mo gbọ́ ọ.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ó ní. "Ẹlẹ́rìí mi ni ọ́."

Ojú ọ̀nà ni ọ̀rọ̀ náà tó wọ̀ mí lára. Ọkùnrin yìí ti fi mí ṣe ẹlẹ́rìí ohun tí etí mi gbọ́, kí n lè gbàgbé ohun tí ojú mi rí. Láti Ìmẹ̀rí dé Ìdóàní, láti ibẹ̀ dé Ìpele, òun nìkan ló ń sọ̀rọ̀. Ó ń sọ̀rọ̀ yìgì, ó ń sọ iye ìkòkò tí wọn á gbé kaná. Tí ọkọ̀ bá já sí kòtò, ẹran ẹ̀yìn á gbọ̀n rìrì, òórùn rẹ̀ á sì gba fèrèsé wọlé. Ó dúró lọ́nà, ó ra ọsàn, ó bó ọ̀kan fún mi. Ohun dúdú yẹn wà lábẹ́ èékánná rẹ̀. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á torí pé bàbá ọkọ mi ni, mo sì mú un lọ́wọ́ títí omi rẹ̀ fi ṣàn dé ìgbọ̀nwọ́ mi. Nígbà tó rí i pé n kò mu ún, ó ní kí n má da ara mi láàmú, pé ata ló ń dùn lẹ́nu èèyàn, kì í ṣe ẹran. Mo wo ọrùn aṣọ funfun tó wọ̀, ó mọ́ tónítóní, ara mi sì bù máṣọ.

Bàbá mi ń ṣẹ́ etí aṣọ nígbà tí mo wọlé. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, àfi ọ̀rọ̀ ọsàn. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ dá táyà ẹ̀rọ rẹ̀ dúró. Ó bi mí bóyá màlúù náà mi ìrù. Mo ní kò mì í. Ó bi mí bóyá ó mi ẹsẹ̀ nígbà tí ọ̀bẹ kàn án, bó tilẹ̀ jẹ́ díẹ̀. Mo ní eṣinṣin wà lójú rẹ̀. Ó ní eṣinṣin máa ń bà lé ojú ẹran tó wà láàyè náà. Gbogbo ìbéèrè yìí, mo mọ̀ pé kì í ṣe èmi ló ń bi. Ó ń wá ibi tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ lè gbà jáde.

Nígbà tí kò rí ibẹ̀, ó gbé waasí dé. Ó ní ẹni tó bá bo àṣírí mùsùlùmí ẹgbẹ́ rẹ̀, Ọlọ́run á bo tirẹ̀ lọ́jọ́ ìkẹyìn. Ó ní ẹnu ẹyẹ ní í pa ẹyẹ, ẹnu òrofó ní í pa òrofó. Ó wo aṣọ yìgì mi lára ògiri, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ ulé wa ni, ọmọ mi," ó ní. "Mọ́ gbé e jáde."

Bí a ṣe ń pe ilé l'Ọ́wọ̀ nìyẹn, ulé. Nígbà tí inú bàbá mi bá rọ̀, tàbí tí ẹ̀rù bá bà á, ọ̀rọ̀ yẹn máa ń dún lọ́nà kan lẹ́nu rẹ̀ tí mi ò lè ṣàlàyé. Mo dá a lóhùn pé àṣírí la ń bò, a kì í da aṣọ bo òkú ẹran ká tún gbé e fún èèyàn jẹ. Ó ti ẹsẹ̀ bọ ẹ̀rọ rẹ̀, ó sì ń bá etí aṣọ náà lọ.

Mo jókòó sí yàrá mi, mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn. Bí ó bá jẹ́ pé ọtí ni Bàbá Àdínì ń mu ní kọ̀rọ̀, màá bò ó. Bí ó bá jẹ́ pé kì í kírun nígbà tó bá rìnrìn àjò, kí ló kàn mí? Ẹ̀ṣẹ̀ tó wà lára ẹlẹ́ṣẹ̀, ẹlẹ́ṣẹ̀ ni yóò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gbé e dé ọ̀run. Ṣùgbọ́n èyí fẹ́ gba ẹnu ẹlòmíràn wọlé. Àwọn ìyá arúgbó tí wọ́n ń rìn tìrìn-tìrìn wá láti Ìsúàdà torí Mọ́lúdì, àwọn aboyún, àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ ní kéwú lọ́jọ́ ìsinmi, inú ìkòkò kan náà ni wọ́n máa fi ṣíbí bọ̀. Mo rò pé kí n lọ bá Bàbá Àdínì fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ló kù tí mo fẹ́ sọ fún un? Ó mọ̀ pé mo rí i. Ọmọ rẹ̀ kò ní í dé láti Àkúrẹ́ títí di ọ̀la. Ẹni tí wọ́n máa gbé ọrùn lọ bá nìkan ló kù.

Lẹ́yìn Àlàásárì, mo lọ sílé Lèmọ́mù. Ọmọ Ọ̀wọ̀ ni, ṣùgbọ́n Ìlọrin ló ti kàwé kéwú, ó sì gbé ohùn ibẹ̀ wálé. Èèyàn kì í gbọ́ èdè Ọ̀wọ̀ lẹ́nu rẹ̀ mọ́, àfi tí nǹkan bá bá a lójijì. Ó jókòó sórí awọ àgbò, tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo sọ ohun tí mo rí, mo sì sọ ohun tí mo gbọ́ pẹ̀lú, Bísímílàhi náà, torí mi ò fẹ́ fi nǹkan kan pamọ́. Kò dá mi lẹ́nu. Ó ń fi àtàǹpàkò ti ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀sùbáà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ṣé o mọ ohun tí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ọmọ ìyá rẹ̀ láìdáa lẹ́yìn ń jẹ?" ó bi mí.

Ta ni kò mọ ọ́n? Láti kékeré la ti ń gbọ́ ọ níbi waasí. Ẹni tó bá ń sọ ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn, òkú ẹran ara ọmọ ìyá rẹ̀ ló ń jẹ.

"Òkú ẹran ni, Àáfà," mo ní. "Òun náà ni wọ́n fẹ́ fún wa jẹ lọ́la."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí tẹ̀sùbáà. Ó ní ọrùn náà kò tíì dé ọ̀dọ̀ òun, pé bí ó bá dé, òun á wò ó fúnra òun. Ó ní kí n fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún òun, kí n má sọ ọ́ fún ẹlòmíràn. Ó gbàdúrà fún mi. Mo dìde níbẹ̀, ara mi fúyẹ́, mo tilẹ̀ ra ẹ̀pà lọ́nà, mo ń jẹ ẹ́ lọ sílé.

Mo sọ fún bàbá mi pé mo ti lọ. Inú bí i gan-an. N kò rí i kí inú bí i tó bẹ́ẹ̀ rí, ó pè mí ní ọmọ tí kò ní jẹ́ kí òun fi ọ̀wọ̀ darúgbó. Lẹ́yìn tó bínú tán, ó jókòó, ó mí kanlẹ̀, mo sì rí i pé nǹkan kan ti bọ́ lọ́rùn òun náà. Ó ní ó dáa bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ti kúrò lọ́wọ́ àwa méjèèjì, ó ti dọ́wọ́ Lèmọ́mù. Bí Lèmọ́mù bá wo ọrùn tí ó bá ní ká má jẹ ẹ́, òun ò ní fi kan ẹnu. Bí ó bá wò ó tó ní ká jẹ ẹ́, ẹ̀tọ́ ni, èmi sì gbọ́dọ̀ lọ bẹ bàbá ọkọ mi. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ó dá mi lójú pé àwọn ìkòkò yẹn ò ní í gorí iná.

Wọ́n gorí iná. Nígbà tí mo fi dé àgbàlá mọ́sáláṣí lọ́jọ́ kejì, òórùn àlùbọ́sà àti ata ti gba gbogbo àdúgbò. Wọ́n kó ẹran náà sórí ìrẹsì, ó tóbi, ó ń yọ̀ fún òróró. Lèmọ́mù dìde láti ṣe waasí, ó fi gbogbo rẹ̀ sọ̀rọ̀ bíbo àṣírí ara ẹni. Ó sọ nípa àwọn ọmọ ìsinsìnyí tí wọ́n kàwé tán tí wọ́n ń wá àléébù àgbà kiri. Ojú rẹ̀ ń lọ ń bọ̀ ní ìhà àwa obìnrin. Ó wá ní kí ìjọ jẹun, ó ní kí Ọlọ́run jẹ́ kó bá wa lára mu, gbogbo wa ṣe àmín. Bàbá mi wò mí láti ibi tí àwọn ọkùnrin jókòó sí. Ojú rẹ̀ dùn. Ó mú ẹran, ó fi eyín fà á ya, ó sì mi orí sí mi bí ìgbà tí aṣọ kan bá jáde dáadáa lábẹ́ ẹ̀rọ rẹ̀. Bàbá Àdínì jókòó tì í, ó ń bu omi fún un mu.

Ìrẹsì lásán náà kò ṣeé gbé mì fún mi. Mo ń wo ẹnu àwọn èèyàn. Ìyá àgbà kan tí kò léyín ń fi ẹ̀rìgì lọ ẹran, ó ń tú u sọ́wọ́, ó ń fi í sẹ́nu ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ọ̀rá ń ṣàn lágbọ̀n àwọn àgbà tí mo ń kúnlẹ̀ kí. Ìríra tó gbé mi lọ́jọ́ yẹn, mi ò mọ ibi tí n bá gbé e sí, torí àwọn tó ń kó mi nírìíra gan-an ni àwọn tí àánú wọn ń ṣe mí.

Ọkọ mi àfẹ́sọ́nà ti dé láti Àkúrẹ́. Ó wá bá mi lábẹ́ igi òdòdó ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó rí àwo mi. Ó rẹ́rìn-ín, ó tẹ̀ mọ́ mi bí ẹni tó fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ ìfẹ́.

"Èmi náà kì í jẹ ẹ́," ó ní. "Ẹja la máa ń jẹ nílé wa."

Mo ní kí ló dé. Ó ní ìyá òun ló ṣe òfin náà ní ọjọ́ pípẹ́, pé ẹran tí àwọn kò bá fojú rí kí wọ́n tó dúńbú rẹ̀, kò gbọdọ̀ wọ ìkòkò àwọn. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń fi ohun kékeré kan nínú ilé han ìyàwó tó ń bọ̀. Kò kà á sí nǹkan kan. Ó rò pé ọ̀rọ̀ yẹn sún wa mọ́ra. Mo wo àwo tó gbé lọ́wọ́, ìrẹsì nìkan ló wà níbẹ̀, ó ti fi ẹran tirẹ̀ fún ẹlòmíràn. Mo fẹ́ràn ọkùnrin yìí láàárọ̀ ọjọ́ yẹn o. Nígbà tí yóò fi fọwọ́ kàn mí léjìká, ó ń rí mi lára.

Mo sọ pé orí ń fọ́ mi, mo kúrò níbẹ̀. Ọ̀dọ̀ àbúrò bàbá mi obìnrin ni mo yà sí. Onígbàgbọ́ ló fẹ́, ó sì ti bá ọkọ rẹ̀ di ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n odi kékeré kan ṣoṣo ló wà láàárín ẹ̀yìnkùlé wọn àti ti Lèmọ́mù. Àǹtí mi jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ajá rẹ̀. Ó ní kí n wá wo ọmọ ìjọ wa tuntun, pé ajá òun ń ṣe Mọ́lúdì ju òun lọ, pé òun ń retí àwo ìrẹsì láti àárọ̀ kò dé, ajá ti yó. Ó ń rẹ́rìn-ín. Mo wo ohun tí ajá náà dì mú láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì.

Ọrùn màlúù ni. Kò tíì jẹ ẹ́ tán. Ojú ibi tí ọ̀bẹ gbà wà níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ dúdú dì sínú rẹ̀ gbagidi. Ewé tí wọ́n fi dì í ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àǹtí mi ní ìyáálé ilé Lèmọ́mù ló jù ú kọjá odi ní òwúrọ̀ kùtù, pé òun tilẹ̀ béèrè pé irú ọ̀làwọ́ wo nìyí, ìyẹn sì ní ọkọ òun ló ní kí àwọn gbé e jáde nílé. Mo bì sẹ́gbẹ̀ẹ́ odi náà. Kò sí nǹkan kan nínú mi, omi lásán ló ń jáde.

N kò sọ ọ́ fún bàbá mi nígbà tí mo délé. Ó ti sùn lórí àga rẹ̀, ikùn rẹ̀ ń lọ sókè sódò, ó sì ti fi igi tín-ín-rín tayín. Mo wò ó, mo rò pé kí n jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀.

Àwọn ni wọn ò jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Lèmọ́mù ti sọ fún Bàbá Àdínì pé mo wá, ọjọ́ ọdún kò sì tíì jìnnà tí wọ́n fi ránṣẹ́ pe èmi àti bàbá mi sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Lèmọ́mù. Àwọn àgbà ìjọ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ọmọ Bàbá Àdínì dúró sẹ́nu ìlẹ̀kùn, kò wò mí. Bàbá rẹ̀ wọ funfun. Ó ní ọmọ tí òun fẹ́ mú wọlé ni ó ń jẹ ẹran ara òun láàyè. Ó ní kí wọ́n bi mí bóyá mi ò gbọ́ Bísímílàhi òun. Lèmọ́mù bi mí.

"Mo gbọ́ ọ," mo ní. "Màlúù náà ni kò gbọ́."

Ẹnì kan fẹ́ rẹ́rìn-ín láàárín wọn, ó sọ ọ́ di ikọ́. Lèmọ́mù ní kí n kúnlẹ̀, kí n tọrọ àforíjì, pé bí n kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, òun ò ní so yìgì kankan láàárín ilé méjèèjì. Bàbá mi kò gbójú sókè. Ó fi ọwọ́ ṣe é fún mi pé kí n kúnlẹ̀. Ó ní mo ti ṣèlérí, ìjọ ti jẹ ẹ́ lábẹ́ àṣẹ Lèmọ́mù, kí n mú ìlérí mi ṣẹ. Nítorí tirẹ̀, mo kúnlẹ̀. Mo sì ti orí ìkúnlẹ̀ béèrè lọ́wọ́ Lèmọ́mù bóyá òun náà jẹ nínú ẹran náà.

Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn Ìlọrin ti lọ, èdè Ọ̀wọ̀ ló fi dáhùn, pé òun gba ààwẹ̀ lọ́jọ́ náà.

"Ìyàwó yín ńkọ́, Àáfà?" mo ní. "Àwọn ọmọ yín ńkọ́? Ṣé gbogbo ilé ló gbààwẹ̀ lọ́jọ́ Mọ́lúdì, tí ọrùn fi dọ́dọ̀ ajá Àǹtí mi?"

Bàbá Àdínì ń wo Lèmọ́mù, ó hàn gbangba pé òun náà kò mọ̀ nípa ajá. Àwọn àgbà yòókù ń wo ẹní. Bàbá mi gbójú sókè, ó wo Lèmọ́mù, ó wò ó, ó ń dúró kí ó sọ pé irọ́ ni mò ń pa. Lèmọ́mù ń ka tẹ̀sùbáà. Bàbá mi wá na ọwọ́ sí fìlà rẹ̀ nílẹ̀, ó dé e, ó fà mí dìde ní apá.

A ò tíì rìn jìnnà tó fi dúró, ó gbára lé ògiri ilé kan, ó ń tutọ́. Ó tutọ́ títí ẹnu rẹ̀ fi gbẹ. Ó ti lé ní ọjọ́ mélòó kan tó ti jẹ ẹran náà, kò sí ohun tí itọ́ lè gbé jáde mọ́. Mo di ẹ̀yìn rẹ̀ mú. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tù ú nínú, mo ní kí ó má banú jẹ́ nítorí ọ̀rẹ́ rẹ̀, pé bóyá lọ́jọ́ kan wọn á tún jókòó pọ̀. Ó mi orí. Ó ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ òun. Ó ní alápatà ta òkú ẹran, alápatà ni, ayé ti mọ ohun tí alápatà lè ṣe.

"Lèmọ́mù wo ọrùn rẹ̀," ó fi èdè ulé wa sọ. "Ó wo ọrùn rẹ̀, ọ́ jẹ́ kí mọ jẹ ẹ́."